Mo Fi Bírò Pupa Sàmì sí Ohun Tí N Kò Kà

Mo purọ́ mọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, irọ́ náà sì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, torí mo mọ ara mi: bí mo bá ti ibi tó rọrùn bẹ̀rẹ̀, ibi tó rọrùn náà ni mo máa parí rẹ̀ sí. Obìnrin ni mí, opó, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Iṣẹ́ tísà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń gbé ní Adó-Èkìtì níbí. Ọmọ mi obìnrin ló fi ojú ìwé yìí hàn mí lórí fóònù, ó ní àwọn èèyàn máa ń tú ohun tó wà lọ́kàn wọn síbẹ̀ láìdárúkọ, àwọn òǹkàwé á sì gbà wọ́n nímọ̀ràn. Kò mọ̀ pé èmi náà máa kọ ọ́. Mo ti ń ka tiyín láti ọjọ́ yìí wá, mo tilẹ̀ máa ń ráhùn pé ẹ kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀... ẹ foríjì mí, iṣẹ́ tí mo fi jẹun nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lóhùn. Èmi tí mò ń bẹ̀ yín pé kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ máa rí i láìpẹ́ pé n kò lẹ́nu láti bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀.

Ọmọ kan wà tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹrin ní Ìyìn-Èkìtì nígbà kan, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Adémọ́lá, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ó ti di ọkùnrin gidi báyìí. Ó dá ilé iṣẹ́ gààrí sílẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjàn, èèyàn mẹ́rìnlá ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: àwọn obìnrin tó ń bó gbáàgúdá, ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ rin ín, àwọn tó ń fún omi rẹ̀, àwọn tó ń yan án, ọkọ̀ á sì wá gbé e lọ sí Ọjà Ọba. Lọ́dún tó kọjá ó wá sílé mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀, ó ní Tísà, ẹ gbà mí o, àwọn èèyàn mi kò létò, bí mo bá débẹ̀ láàárọ̀ bí ọjà ni wọ́n ń pariwo, n kò mọ ẹni tó ń sọ kí ni fún ta ni, ẹ wá bá mi tò wọ́n bí ẹ ṣe tò wá nígbà náà. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ilé ti dá jù fún mi láti ìgbà tí ọkọ mi ti lọ. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé òun ṣì wúlò?

Ohun tí mo bá níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ dáadáa, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, kí ẹ̀rọ tó dún, gbogbo wọn á jókòó yí òkìtì gbáàgúdá ká, àti ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹni tó kú ládùúgbò. Àárín ọ̀rọ̀ yẹn náà lẹ ti máa gbọ́ pé àgbá omi kan ti ń jò, pé igi ìdáná tó dé lánàá tutù, pé ara ẹnì kan kò yá, kí wọ́n má gbé e sídìí iná lónìí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á gbọ́, á dìde, á lọ ṣe é, á padà wá jókòó. Adémọ́lá fúnra rẹ̀, bó bá ń kọjá, á gbọ́ tirẹ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀ pé ibẹ̀ lòun ti ń gbọ́ ọ. Èmi kò rí ìyẹn. Ariwo nìkan ni etí mi gbọ́. Ọdún márùndínlógójì tí mo lò ní kíláàsì ti kọ́ mi pé ibi tí ariwo bá wà, iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Mo wo àwọn àgbàlagbà mẹ́rìnlá, mo sì rí àwọn ọmọ iléèwé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tò wọ́n. Mo ra agogo. Bó bá ti di aago méje ààbọ̀, mo ti tò wọ́n sórí ìlà: àdúrà, orin kan, ìkéde, lẹ́yìn náà màá bi wọ́n pé ṣé ó yé yín, wọ́n á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó yé wa, mà. Mo ní kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ nídìí òkìtì. Mo ní kí ọmọbìnrin tó ń wọn gààrí sínú àpò máa kọ orúkọ àwọn aláriwo fún mi... àwọn ìyá ọlọ́mọ o! Ó sì ń kọ ọ́. Obìnrin kan wà tí mo máa pè ní Ìyá Dárà, ọmọ Ìjàn gan-an, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, òun ló máa ń ṣe nọ́ńbà wáàn lórí ìwé náà lójoojúmọ́. Á wá kí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní ẹ kú uṣẹ́ o, Tísà, ṣé ẹ ti kọ orúkọ mi ni àbí kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ná? Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Á máa wu èmi náà kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màá le ojú mọ́ra. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ọmọ òun tó wà ní kíláàsì kejì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé, pé wọ́n ń kọ orúkọ màmá mi mọ́ aláriwo, wọn ò kọ tèmi rí. Mo ní kó lọ jókòó.

Olórí gbogbo rẹ̀ ni ìwé kan, ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle tí mo bò dáadáa bí a ṣe máa ń bo rẹ́jísítà. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀dùn ọkàn, tàbí tó rí ohun tó bàjẹ́, kó má pariwo rẹ̀, kó kọ ọ́ síbẹ̀, kó kọ déètì, kó buwọ́ lù ú. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe tísà rí, ẹ mọ bí ọwọ́ ṣe máa ń yá níbẹ̀. Ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ogójì ọmọ lórí tábìlì, bírò pupa lọ́wọ́, èèyàn á máa ṣí i, á máa sàmì sí i, ojú ti rí i pé wọ́n kọ nǹkan, pé ó gún, pé déètì wà níbẹ̀... Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe ìwé àwọn èèyàn yìí. Mo ń fi àmì pupa sí i, mo ń kọ Mo ti rí i sábẹ́ rẹ̀, mo ń buwọ́ lù ú. N kò ka ìdajì ohun tí wọ́n kọ. Mo ti sọ ọ́. N kò kà á. Inú mi kàn ń dùn pé wọ́n ń kọ ọ́ ni. Nígbà tí Adémọ́lá bá wá, màá ṣí i fún un, á rí àmì pupa láti òkè délẹ̀, á ní háà, Tísà, ẹ ò yí padà rárá.

Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tó ń rin gbáàgúdá, Ràfíù ni ká pè é. Ará Ṣakí ni, ó ti pẹ́ ní Adó, ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta. Èèyàn jẹ́jẹ́. Irin kan wà tó bo ẹnu ẹ̀rọ náà, òun ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ ẹni tó ń ti gbáàgúdá wọlé kan eyín ẹ̀rọ. Àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mú ti ń tú. Ó kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́. Orí ìlà la wà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mò ń ṣe ìkéde lọ́wọ́, ló bá ní Màmá, ẹnu ẹ̀rọ yẹn... Mo dá a dúró. Mo ní Ràfíù, ṣé bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ nìyẹn? Nawọ́ sókè ná. Ó nawọ́ sókè. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, ó nawọ́ sókè, àwọn kan ń fọwọ́ bo ẹ̀rín, Ìyá Dárà ní ẹ jẹ́ ó lọ tọ̀, Tísà, ó ti ń gbọ̀n. Ìlà dàrú, ẹ̀rín pọ̀, inú bí mi, mo ní ó tó, Ràfíù, lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì ó pe Adémọ́lá lórí fóònù. Adémọ́lá pè mí, ó ní Tísà, Ràfíù fẹ́ sọ nǹkan kan fún mi, mo ní kó bá yín sọ ọ́. Ìyẹn tún dùn mí. Mo pe Ràfíù sí ọ́fíìsì, n kò jágbe mọ́ ọn o, mo rọra bá a sọ̀rọ̀, mo ní ọmọ mi, ilé tó létò ní ẹnu ọ̀nà, a kì í gba ojú fèrèsé wọ̀ ọ́. Ó ní ẹ má bínú, Màmá. Ó lọ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ ọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ọjọ́rú kan báyìí, lẹ́yìn òjò, ọkọ̀ tó fẹ́ gbé gààrí lọ sí Adó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé, mo wá rí i pé n kò gbọ́ ìró ẹ̀rọ. Mo jáde. Mo bá Ràfíù tó káwọ́ gbera níwájú rẹ̀, ó ní òun kò lè tan án. Ẹ fetí sí ibí yìí, ẹ̀yin ará, ibí yìí ni ọkàn mi kì í kúrò. Ó ní Màmá, ohun tí mo kọ yẹn ńkọ́? Mo sì dá a lóhùn pé mo ti rí i, mo ti fọwọ́ sí i, jẹ́ ká ṣe ti òní ná, tan ẹ̀rọ. N kò mọ ohun tó kọ. Mo kàn mọ̀ pé kò sí ojú ìwé kan tí n kò sàmì sí. Ojú ló ń tì mí láti sọ níwájú wọn pé n kò kà á... ìtìjú kékeré bẹ́ẹ̀ yẹn, ohun tí ọmọ kékeré fi ń purọ́ pé òun ti jẹun. Ṣebí bí mo bá ní Ràfíù, má bínú, kí lo kọ? kò ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó wò mí. Mo mọ ohun tó rò báyìí. Ó rò pé mo ti mọ̀, pé àgbà tó ti rí ọ̀rọ̀ tó sì ní ká máa ṣiṣẹ́, ohun kan ló rí. Ó tan ẹ̀rọ. Ó pe Ìyá Dárà wá láti ìdí òkìtì, ó ní kó máa fi igi ti gbáàgúdá wọlé, kó má fọwọ́ kan án rárá. Kò tó ìdajì wákàtí. Igi náà yọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kò sì sí ohun tó dá a dúró. Ìka méjì, lọ́wọ́ ọ̀tún. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ké. Ó kàn ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí wọ́n fi gbé e lọ sí ọsibítù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo èèyàn ti tú ká, mo ki ìwé náà bọ inú báàgì mi, mo wọkọ̀ padà sí Adó. Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo wá kà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Èyí tí Ràfíù kọ́kọ́ kọ gba ojú ìwé kan gbáko. Ó kọ ọ́ bí ẹni ń kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ̀: ó kí mi, ó kí ilé, ó ní nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló yẹ kó di irin náà mú, méjì ti bọ́, ìkẹta ń bọ́ lọ, òun mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á l'Adó, bí mo bá yọ̀ǹda òun ní Sátidé òun á lọ rà á. Ìkejì, ìlà mẹ́ta ni. Ìkẹta, ó kọ ọ́ pé Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹnu ẹ̀rọ. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀. Lábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmì pupa mi wà, ó gún régé, Mo ti rí i, Mo ti rí i, Mo ti rí i.

Adémọ́lá pe ìpàdé lọ́jọ́ kejì. Ó bi mí níwájú gbogbo wọn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé Tísà, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé irin yẹn ti tú? Mo ti múra láti sọ òótọ́. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo ti tò ó lọ́kàn láti ilé, gbólóhùn àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta. Ṣùgbọ́n bó ṣe pè mí ní Tísà yẹn, mo wò ó, mo sì rí ọmọ kíláàsì kẹrin tí mo nà lẹ́gba nígbà kan nítorí pé ó purọ́. Ẹnu mi ní rárá, kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ràfíù ní Màmá, ó mà wà nínú ìwé. Adémọ́lá ní kí wọ́n mú ìwé wá. Mo ní n kò rí i mọ́ láti àná, pé nínú hílàhílo yẹn ẹnì kan lè ti mú un. Irọ́ kejì nìyẹn, òun ló sì burú jù, torí Adémọ́lá yíjú sí Ràfíù, ó ní ta ló máa jèrè bí ìwé bá sọnù? Àbí ohun tó wà níbẹ̀ kọ́ lo ń sọ fún wa yìí? N kò rò ó débẹ̀! Mo kàn fẹ́ kí ìwé náà má jáde ni, n kò mọ̀ pé bí n bá gbé e pamọ́, ọrùn ẹlòmíràn ni màá gbé e kọ́. Ó kéré tán, èèyàn mẹ́rin ló dúró nítòsí nígbà tí mo ní kó tan ẹ̀rọ. Mo wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á sọ̀rọ̀, mo tún ń retí pé kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Adémọ́lá ní ṣé ẹnikẹ́ni tún ní ọ̀rọ̀? Kò sí. Ó ní ṣé ó yé yín? Wọ́n ní ó yé wa, sà. Ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Èmi ni. Ràfíù kò jà, kò bú mi. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀, Màmá, ó sì lọ mú bàtà rẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n lé e.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin báyìí. Àwọn ẹ̀gbọ́n Ìyá Dárà ti lọ bá ìyàwó Ràfíù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n bú u níwájú àwọn oníbàárà, pé àjèjì tí a gbà sílẹ̀ ló wá gé ọmọ wa lọ́wọ́. Mo máa ń se ọbẹ̀ lọ fún Ìyá Dárà. Ó ń fi ọwọ́ òsì gba abọ́ lọ́wọ́ mi, ó sì ń tọrọ àforíjì... ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ MI pé òun ń fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà! Ó ní Ọlọ́run á tọ́jú mi, pé kò sẹ́ni tó rántí òun bí èmi. Ó wá gbé Ràfíù ṣépè. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń sọ pé ó dáa, ó dáa, fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Mo lọ sọ́dọ̀ Adémọ́lá láti jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, ó ti gbé ohun tó rà fún mi jáde: ìwé tuntun, ó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin tí a máa tì í sí, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i mọ́. Ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní mo gbẹ́kẹ̀ lé yín, Tísà. Mo gbà á. Mo dúpẹ́. Mo lọ sílé.

Níbi iṣẹ́ ńkọ́? Mo ti pa ìwé aláriwo rẹ́, mo ní kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀. Mo mú ọ̀bẹ, mo lọ jókòó tì wọ́n nídìí òkìtì, mo ń bó gbáàgúdá, mo ń bi wọ́n léèrè ilé àti ọmọ, wọ́n ń dá mi lóhùn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣe ìdánwò. Ọkùnrin tó gba ipò Ràfíù, gbogbo ohun tí mo bá bi í, kò sí wàhálà, mà, ló máa sọ. Láràárọ̀ ni mò ń fọwọ́ ara mi yẹ irin ẹnu ẹ̀rọ náà wò, Adémọ́lá ti fi tuntun sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò mọ̀ pé ó yẹ kí n yẹ̀ wò ńkọ́? Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo rí bàtà obìnrin kan níbi tí wọ́n ti ń yan gààrí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ́ torí pé ẹ̀gbẹ́ ààrò ti là, iná ń yọ jáde níbẹ̀. Mo ní ó tó ìgbà wo tó ti rí báyìí? Wọ́n ní ó ti pẹ́ díẹ̀, mà. Mo ní kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún mi? Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe fún àwọn èèyàn tí mo ti kọ́ láti dákẹ́? Báwo ni èèyàn ṣe ń yí ẹ̀kọ́ padà nígbà tó ti wọ ara?

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí lónìí ni pé Ràfíù wá sílé mi lánàá, lẹ́yìn tí mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, òun àti ìyàwó rẹ̀. Mo rò pé wọ́n wá bá mi jà ni, ọkàn mi tilẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, pé ó parí nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní àwọn ń padà sí Ṣakí ní ìparí oṣù, torí àwọn oníbàárà kò wá sọ́dọ̀ ìyàwó òun mọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún fẹ́ gba òun, ẹ̀rọ náà ló máa darí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá láti ọwọ́ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀, tó máa sọ irú òṣìṣẹ́ tó jẹ́ àti ìdí tó fi kúrò. Ó ní òun kò lè dé ọ̀dọ̀ Adémọ́lá. Ó ní Màmá, mo mọ̀ pé ẹ máa ń fi ìtọ́jú kọ̀wé, ẹ bá mi kọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀ nípa mi. Kò fi ohùn burúkú sọ ọ́. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò jókòó. Ó ń wo àwọn ìwé tí mo tò sórí pákó, ó ní háà, Màmá mà kàwé o, gbogbo èyí lẹ kà? Ọkọ rẹ̀ ní kó dákẹ́. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, òun kàn ń béèrè ni. Ìwé tí mo ní ó sọnù yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí Ràfíù gbé ìgbọ̀nwọ́ lé. Mo fún wọn ní omi. Mo ní kó padà wá lọ́jọ́ Ẹtì.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó jáfáfá, pé ó ṣe é fọkàn tán, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n máa pe Adémọ́lá, wọ́n á ní kí ló dé tí ẹ fi lé e, Adémọ́lá á sọ ohun tó mọ̀, lẹ́tà mi á di bébà lásán. Bí mo bá kọ ìdí tó fi kúrò, èmi fúnra mi ni ìdí náà. Ṣé kí n fi ìwé náà fún Ràfíù kó gbé e lọ fún Adémọ́lá? Wọ́n ò ní sọ pé ibi tó jí i pamọ́ sí náà ló ti mú un wá? Ṣé kí n lọ bá Adémọ́lá fúnra mi? Mo ti lọ lẹ́ẹ̀kan, kọ́kọ́rọ́ ni mo gbà bọ̀. Ṣé Ìyá Dárà ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọwọ́ tirẹ̀ ló lọ? Kí ni mo máa sọ fún un, èmi tí mo ti jókòó tì í fún oṣù kan tí mò ń ṣe àmín sí èpè tó ń ṣẹ́ fún ẹlòmíràn? Àwọn ọmọ mi ńkọ́, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń kọ́ ọmọ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi? Ẹ lè sọ pé kí n má ro ti ara mi. Òótọ́ lẹ sọ. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ara mi, lóhùn tísà, kò sì mú ẹsẹ̀ mi gbéra. Bí mo bá ń gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì á ní níbo là ń lọ? Bí oṣù bá sì parí, Ràfíù á ti kúrò l'Adó pẹ̀lú orúkọ ẹni tó gé obìnrin lọ́wọ́ tó sì jí ìwé, orúkọ náà á sì dé Ṣakí ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé lòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n máa gbàdúrà, mo ti ń gbà á. Ẹ sọ fún mi, nínú Adémọ́lá, Ìyá Dárà àti Ràfíù, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá, kí sì ni gbólóhùn àkọ́kọ́ tí kò ní jẹ́ kí n lè sá padà mọ́? Ẹ kọ ọ́ fún mi bí ẹ ṣe ń sọ fún ọmọdé. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni màá kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, dé ìsàlẹ̀, àwọn tó máa bú mi náà. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó síwájú bébà. Mo kọ àdírẹ́sì mi, mo kọ déètì, mo kọ Sí Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Kàn, mo fi ìlà sí i nídìí. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà.